Ewé Tí A Kì Í Dí

Oṣù kẹta ọdún ni ìyàwó mi, Rohila, kú. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ bí eré nígbà òtútù. Kí yìnyín tó yọ́ tán lórí òkè, a ti sin ín. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wa.

Rohila máa ń kó iṣẹ́ sára aṣọ. Ní Nurota níbi tí à ń gbé, agbára káká ni o fi máa rí ilé tí obìnrin ibẹ̀ kì í ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Inú agolo súìtì àtijọ́ kan ni àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé pàǹtí ni. Ẹ̀gún òòrẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó fi ń lu ihò sí bébà tó bá ya òdòdó sí. Idẹ ọta ìbọn kan wà tí bàbá rẹ̀ mú bọ̀ láti ojú ogun. Òun ló fi ń bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un. Ègé ọṣẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló fi ń ya ìlà sára aṣọ. Igi kékeré ẹlẹ́nu ìṣó tí à ń fi gún àárín búrẹ́dì kí ó má baà wú, òun ló ń tẹ̀ bọ inú ẹ̀ẹ́dú lílọ̀ láti fi ṣe àmì àárín òdòdó. Férémù asẹ́ tó ti já ló fi ń na aṣọ. Bí aṣọ bá sì nípọn jù, ó ní ègé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú kí ó lè fà á yọ.

Ọwọ́ mi ni rọ́bà yẹn ti wá. Títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni iṣẹ́ mi, ọdún kejìlélógójì nìyí. Ìkọ́ tó fi ń kó òwú gan-an, èmi ni mo ṣe é fún un, ọdún tí mo fẹ́ ẹ. Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni. Mo gé e, mo fi fáìlì pọ́n ọn títí ẹnu rẹ̀ fi mú, mo gbẹ́ ìkọ́ tín-ín-rín sí i, mo sì fi ìwo àgbò ṣe èèkù rẹ̀. Bí ó bá ti ìkọ́ náà bọ inú aṣọ tó sì fà á padà, òwú á wọ inú òwú, bí ojú ẹ̀wọ̀n ṣe ń wọ inú ara wọn.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà. Bí aṣọ ti wù kó tóbi tó, obìnrin kì í parí rẹ̀. Yóò ya ewé kan, yóò yà á dáadáa, yóò sì fi í sílẹ̀ láì kó òwú sí inú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dí ewé ìkẹyìn ti parí iṣẹ́ ayé ara rẹ̀ nìyẹn. Èmi kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo kàwé jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bá irin ṣiṣẹ́.

Aṣọ ìyàwó kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́kọ́ so awẹ́ aṣọ mẹ́rin pọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ya gbogbo òdòdó sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá tú u, wọ́n á pín in fún obìnrin mẹ́rin nínú ẹbí. Bí olúkúlùkù bá ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á tún so ó pọ̀. Ìdajì òdòdó kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ìdajì kejì mu, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i. Awẹ́ mẹ́ta lára aṣọ Zebiniso, ọmọ wa, ti padà wálé. Ìkẹrin ni ti ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe é tán kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ku ewé kan ṣoṣo tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, Hadicha, ẹ̀gbọ́n Rohila, wá láti so awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nítorí oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó. Obìnrin tó sanra ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó tẹ́ wọn sórí pèpéle igi inú àgbàlá, lábẹ́ àjàrà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kí ó nà. Lójijì ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan.

“Zebiniso, wá síbí. Ta ló fọwọ́ kan èyí?”

Ọmọ náà gbé ìkòkò tíì jáde. “Ta ni yóò fọwọ́ kàn án, hola?” Hola ni a máa ń pe arábìnrin ìyá ẹni. “Inú àpótí ló wà láti ìgbà tí a ti ṣe ogójì ọjọ́ màmá.”

“Àpótí ló wá mú ìkọ́, tó jókòó, tó kó òwú sí ewé?”

Mo súnmọ́ wọn. Lóòótọ́, ní ìdí ewé tí Rohila fi sílẹ̀, ojú òwú bíi méjìlá ti wà níbẹ̀, òwú ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé.

“Bí o bá ń kánjú ilé ọkọ, sọ fún mi,” ni Hadicha wí. “Kì í ṣe pé kí o máa dí ewé ìyá rẹ.”

“Hola, èmi tí n kò lè rán bọ́tìnì kó dúró? Ara ènìyàn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rán.” Nọ́ọ̀sì ni Zebiniso.

“Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Àánú àwọn tó ń sùn sí wọ́ọ̀dù yín ṣe mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hadicha mú ẹ̀gún òòrẹ̀ nínú agolo, ó fi tú ojú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ wọn dànù. Ó ní bóyá Rohila fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nígbà tí ibà ń pa á, tí kò mọ ohun tó ń ṣe. A gba bẹ́ẹ̀, ó sì ní òun á padà wá so wọ́n pọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo ṣí àpótí láti mú aṣọ ìnura. Awẹ́ Rohila ló wà lókè. Ìdámẹ́rin ewé náà ti kún. Mo gbé e jáde sínú oòrùn, mo fi awò sójú, mo sì wò ó bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ tó bá já.

Ojú òwú Rohila kéré bí ọkà bàbà, ó sì máa ń dà sí ọ̀tún. Ìwọ̀nyí tóbi. Wọ́n há débi pé aṣọ ká jọ, wọ́n sì yí sí òsì, nítorí ẹni tó ṣe é di ìkọ́ mú bí ẹni tó di súkúrú-díráfà mú. Mo mọ ọwọ́ náà. Ọwọ́ mi ni.

N kò fọwọ́ kan aṣọ yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ kan òmíràn rí.

Ní ọdún méjì ṣáájú, ọkùnrin kan tó ní ilé àlejò ní Bukhara ra aṣọ ńlá kan lọ́wọ́ Rohila láti fi kọ́ ara ògiri. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára, àfi ihò tó wà ní igun, pé àwọn àlejò yóò máa bi òun ìdí rẹ̀. Rohila ní ihò yẹn kò ní dí. Ó lọ bá Hadicha fún ọjọ́ mẹ́ta, láti bá a já ewé fún kòkòrò ṣẹ́dà. Nígbà tí kò sí nílé, ọkùnrin náà pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú láti gbé e, pé bí ihò náà bá ṣì wà, òun kò gbé e mọ́. Mo rò ó pé ewé kan ṣoṣo ni. Mo mú ìkọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo jókòó, mo dí i. Kò gbà mí ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Rohila dé. Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe èyí?”

“Ewé kan ṣoṣo ni.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wò ọ́.”

Ó fi ìka tọ́ ojú òwú náà wò. “Ó burẹ́wà,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ó ń bínú. Ní ọjọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ náà, ó dì í, ó gbé e fún ọkùnrin náà. A kò sọ ọ́ mọ́ láéláé. Nígbà òtútù kejì, ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo tú ewé ara aṣọ Zebiniso ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé yẹn. Mo gbé ìkọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tì í mọ́ inú àpótí irin pẹ̀lú àwọn sípánà, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ewé náà tún ti kún dé ìdajì. Mo tún tú u, mo sì nà án sórí férémù nínú yàrá iṣẹ́ Rohila kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tú u nínú oṣù náà, ìgbàkígbà tó bá sì padà, á yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ ọmọ mi ni. Ohun tí mo ń rò ni pé bí ewé yẹn bá kún tán lára aṣọ rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ náà yóò kàn. Ó sì yà mí lẹ́nu pé èmi tó ń bá irin ṣiṣẹ́ ni mo ń ro irú èyí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Zebiniso jókòó sídìí tíì nínú àgbàlá. Oòrùn mú. Láti inú yàrá iṣẹ́ ìyá rẹ̀, a gbọ́ ọ. Tọ́. Tọ́. Tọ́. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé oníṣẹ́ yìí rí kì í ṣi ohùn yẹn gbọ́: ìkọ́ ni, tó ń lu aṣọ tí a nà sórí férémù. Kò yára, kò sì falẹ̀. Zebiniso bu búrẹ́dì, ó rì í bọ inú tíì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi rọ̀ já.

“Bàbá,” ló wí, “mo ti rò pé ẹ̀yin ni.”

“Èmi rèé níwájú rẹ.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ yín ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i láti ọjọ́ kìíní, n kò fẹ́ dójú tì yín níwájú hola. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìbànújẹ́ ni, kí bàbá máa rán nǹkan.”

Ohùn náà ń lọ. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọkùnrin Bukhara dé orí àpótí irin. Ó gbọ́ ọ láì dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ tán, ó da tíì tó wà nínú ife rẹ̀ sídìí àjàrà.

“Ẹ lọ wo aṣọ yẹn,” ló wí. “Bí ewé tí ẹ dí bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tú u. Bóyá èyí á dáwọ́ dúró.”

Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Mo mú ẹ̀gún òòrẹ̀ sí àpò àyà. Aṣọ náà wà lára ògiri yàrá oúnjẹ ilé àlejò náà, ó sì gba ògiri láti orí dé ìdí. Onílé dá mi mọ̀, ó sì fi “aka” tí à ń pe àgbà ọkùnrin kún orúkọ mi.

“Ergash-aka, ṣé ẹ wá gba aṣọ yín padà ni? Ẹ ti pẹ́ jù. Níwájú rẹ̀ ni gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò.”

“Mo kàn wá wò ó ni.”

“Ẹ wò ó tẹ́rùn. Màmá ńkọ́? A fẹ́ òmíràn sí i.”

“Ó ti kú.”

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúrà kúkúrú, ó sì fi ọwọ́ pa ojú. Lẹ́yìn náà ó gbé àga fún mi, ó fi mí sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sórí àga láti rí igun náà. Ewé náà kún. Ṣùgbọ́n ojú òwú rẹ̀ kéré bí ọkà bàbà, gbogbo rẹ̀ sì dà sí ọ̀tún. Mo gbé etí aṣọ náà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín àwọn ojú òwú kéékèèké náà, ihò ńláńlá tí èmi lù ṣì wà níbẹ̀. Irin tí a bá tì jù kì í jẹ́ kí aṣọ gbàgbé. Ní ìparí, kókó mẹ́ta léra wọn, bí Rohila ti máa ń ta kókó bí kò bá fẹ́ kí nǹkan tú mọ́.

Ó ti tú iṣẹ́ mi. Ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ewé náà, ní ọjọ́ Sátidé tí mo rò pé ó ń bínú yẹn. Ó lè fi í sílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bó bá fi í sílẹ̀, ọkùnrin náà kò ní gbé aṣọ, èmi á sì tún wá ọ̀nà dí i lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó kúkú dí i kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ òun ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi.

N kò lo ẹ̀gún òòrẹ̀. Onílé bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ó yá.

Nígbà tí mo délé, Hadicha ti wà níbẹ̀. Zebiniso ló ránṣẹ́ pè é. Mo sọ fún wọn. Hadicha ń yí òrùka ìka rẹ̀.

“Olórí kunkun,” ló wí níkẹyìn. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí. “Kò sọ fún mi. Ó tún padà wá bá mi lẹ́yìn náà, a jọ já ewé ṣẹ́dà títí ọwọ́ wa fi dú, kò sọ nǹkan kan.” Ó kọjú sí mi. “Ohun tí ìwọ rán, Rohila tú u, kò wá níbi tí yóò dúró sí mọ́. Ó ń wá ibi tí yóò ti parí.”

“Ẹ jẹ́ ká jó awẹ́ náà,” ni mo wí.

“Ẹ kò ní jó iṣẹ́ ìyá mi,” ni Zebiniso wí.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a wọlé nígbà tí ohùn náà ń lọ lọ́wọ́. Aṣọ náà wà lórí férémù asẹ́, kò sí ìkọ́, kò sí ẹnikẹ́ni. Òwú kàn ń yọ lójú aṣọ ni, ó ń wọ inú ara rẹ̀. Ewé náà ku nǹkan bí ojú mẹ́wàá kó kún. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún bí rọ́bà tí a fẹ́ jù. Mo di ògiri mú.

“Tú u, Ergash,” ni Hadicha wí.

“Ìgbà wo ni n kò tú u?”

“Ya òmíràn nígbà náà. Aṣọ tí ewé bá ṣì wà nílẹ̀ lára rẹ̀ kò tíì parí.” Ó wá ègé ọṣẹ jáde nínú agolo, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Kì í ṣe èmi. Ìwọ. Ọwọ́ rẹ ló ń wá.”

Mo tẹ̀ ba. Mo ya ìlà kan láti ìdí ewé àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo ń dá a padà bọ̀. Ojú mẹ́ta ló kù. Ojú méjì. N kò lè mí. Zebiniso di èjìká mi mú, mo ń gbọ́ tó ń kà á sókè bíi pé ó ń ka ìṣàn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Mo fi ọṣẹ pa ìlà náà dé. Ojú òwú ìkẹyìn wọlé. Ohun gbogbo dákẹ́. Lẹ́yìn náà, nínú ewé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, tọ́, ojú kan yọ. Èémí mi padà.

Hadicha jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òógùn bò ó. Ó wo ohun tí mo yà.

“Ewé nìyí, àbí sípánà?”

“Sípánà ni mo mọ̀ ọ́n yà.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara dẹ̀ wá.

Ní alẹ́ yẹn mo sọ fún Zebiniso pé awẹ́ náà kò ní bá a lọ sílé ọkọ.

“Ti màmá mi ni.”

“Tèmi ni báyìí.”

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí ó kún ni? Ṣé ẹ fẹ́ tẹ̀lé màmá ni?”

N kò purọ́ fún ọmọ mi rí. Ó ti wá sí mi lọ́kàn. Láti oṣù kẹta ló ti ń wá sí mi lọ́kàn. Zebiniso jókòó tì mí lórí pèpéle.

“Ewé Bukhara yẹn ni iṣẹ́ tí màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún yín. Ẹ má tú u.”

Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì wọlé lọ sùn.

A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹsàn-án. Awẹ́ mẹ́ta ló bá a lọ, Hadicha sì fi aṣọ pupa lásán ṣe ìkẹrin. Àwọn obìnrin ilé ọkọ béèrè ohun tó fà á. Hadicha ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn, pé ṣé wọn kò rí i ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n tún béèrè.

Awẹ́ kẹrin wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ewé kan ń gbà kó tó kún, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Bó bá ti ku díẹ̀, àyà mi á sọ fún mi, màá jókòó, màá ya òmíràn. Àwọn ewé mi ti yí etí aṣọ náà ká. Wọ́n há, wọ́n yí sí òsì, wọ́n sì dà bí ìtàkùn tí kò gbọ́ràn ní àyíká àwọn òdòdó Rohila. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò rí àyè tó gba ewé kan mọ́.

Mo jókòó níwájú rẹ̀ láti ọ̀sán. Mo rò ó pé kí n kàn jókòó bẹ́ẹ̀ títí ewé ìkẹyìn yóò fi kún. Kì í ṣe ohun tó ṣòro. Zebiniso pè mí lórí fóònù.

“Bàbá, ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹ búrẹ́dì.”

“Búrẹ́dì nìkan? Ìyá ọkọ mi ní ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun á se ìrẹsì.” Ó tún béèrè. “Aṣọ ńkọ́?”

“Ó wà.”

“Ṣé àyè ṣì wà?”

Mo ní màá pè é padà, pé mo ń jáde lọ. Mo wọ bàtà, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà, mo ra aṣọ òwú funfun onímítà méjì. Obìnrin tó ń ta aṣọ bi mí ta ni yóò rán an.

“Èmi.”

“Ẹ̀yin, Ergash-aka? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi mú aṣọ kan gùn sí i ni.”

Mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀ awẹ́ Rohila kí oòrùn tó wọ̀. Ojú ìrán mi kò gún. Mo ya ewé kan sí orí aṣọ tuntun náà, mo gbé e sórí férémù, mo sì jókòó tì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó bẹ̀rẹ̀.